Ta Ni Í Yẹ Ọkọ̀ Tiwa Wò?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo kà nínú ìwé nìkan. Èmi fúnra mi ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ tèmi, kí n tó dìde gba ẹnikẹ́ni níyànjú.

Ní Máhìntẹ̀dó níhìn-ín, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, omi ni títì wa. Ọmọ Ìlàjẹ a máa mọ bí a ti í di àjẹ̀ mú kí ó tó mọ bí a ti í di gègé mú. Ọkọ̀ ni a fi ń lọ sọ́jà, ọkọ̀ ni a fi ń gbé ìyàwó, ọkọ̀ náà ni a sì fi ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ ń bẹ̀rù, òun ni a fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ohun tí ó bá ti mọ́ ni lára jù, ojú ẹni kì í sábà rí ewu inú rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ọkọ̀ ńlá ojú òkun. Mo ya àmì kan sí ara pátákó: òbìrìkìtì kan, ilà gbọọrọ kan sì là á já ní àárín. Mo sọ fún wọn pé ara àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ń ná òkun ni àmì yìí wà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí a bá ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń wọ omi lọ díẹ̀díẹ̀; bí omi bá ti kan ilà náà, ó parí, a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún un mọ́. Mo tún sọ fún wọn pé àwọn olùyẹ̀wò wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ kí ènìyàn wọ̀ ọ́. Inú àwọn ọmọ dùn, wọ́n ya àmì náà sínú ìwé wọn. Inú tèmi náà dùn pé mo ti ṣe iṣẹ́ tíṣà.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo kó ọmọ 11 lẹ́yìn, a fẹ́ lọ sí Igbókọ̀dá fún ìdíje ìwé kíkà. A ti pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí a dé jẹ́tì, ọkọ̀ onígi kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó wà nílẹ̀. Ìyá ọlọ́jà 4 ti jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ edé àti ẹja gbígbẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin 2 sì wà ní ẹ̀yìn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo. Mo bi awakọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa gbà wá?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ọkọ̀ kì í kún.”

A wọlé. Èrò 18 ni wá, awakọ̀ ṣe ìkọkàndínlógún. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì 2 péré ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, ìyá méjì sì ti fi wọ́n ṣe tìmùtìmù. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, pákó tí ó yọ lórí omi kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo rí i o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tíṣà kò rí i. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé a ti pẹ́, mo rò ó pé wọn yóò ní ojo ni mí, mo sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí ó jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ni ó gbójú sókè tí ó bi mí pé, “Sà, níbo ni ilà ọkọ̀ tiwa wà? Ta ni ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò?” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó ń dùn mí títí di òní.

A kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ sìpíìdì ńlá kan fi eré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìgbì tí ó dá sílẹ̀ kò tó ohun tí ọmọ Ìlàjẹ ń pè ní ìgbì, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí ó ti wọ omi tó bẹ́ẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Omi bò wá láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ pariwo, àwọn kan dìde dúró. Omi tí ó wọlé kó jọ sí apá kan, ọkọ̀ sì tẹ̀ sí apá náà, omi mìíràn tún wọlé. Kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu kan ṣoṣo ni ó wà láti fi gbọ́n omi. Awakọ̀ ń kígbe pé, “Ẹ jókòó! Ẹ jókòó!”, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sínú omi?

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí, tí ó ní apẹ̀rẹ̀ edé 4, kò kígbe. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní, ó jù ú sómi. Ó gbé èkejì, ó jù ú. Ó gbé ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ó jù wọ́n. Ọkọ̀ fúyẹ́ díẹ̀, etí rẹ̀ yọ lórí omi. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́n omi títí ọkọ̀ fi dúró déédéé. A dé Igbókọ̀dá láàyè, gbogbo wa. Ọlọ́run ni ọpẹ́ yẹ.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ìyá náà jókòó sórí pákó jẹ́tì, ó fi ọwọ́ lérán. Owó èsúsú ni ó fi ra edé náà. Mo lọ bá a, n kò mọ ohun tí n ó sọ. Ó wò mí, ó ní, “Tíṣà, àwọn ọmọ yín ni mo fi ọjà mi rà.” Àwọn èrò yòókù ti gbé ẹrù tiwọn, wọ́n ti ń lọ sọ́jà. Awakọ̀ ń wá èrò tí yóò gbé padà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè méjì. Èkíní ni ti ọmọ náà: ta ni í yẹ ọkọ̀ tiwa wò? Èkejì ni ti ìyá náà: nígbà tí ẹnì kan bá ju ẹrù rẹ̀ sómi kí gbogbo ayé lè yè, ta ni í san án? Mo rí ìdáhùn méjèèjì nínú ìtàn òfin òkun, ẹ ó sì jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Òfin tí ó fi ilà sí ara ọkọ̀ kò ti inú àánú àwọn olówó wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn kan wà tí wọ́n ń kó ẹrù kún ọkọ̀ tí ó ti gbó, tí wọ́n sì ti gba ìwé ìnṣọ́ránsì lé e lórí. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, èrè ni. Bí ó bá rì, ìnṣọ́ránsì yóò sanwó. Ẹni tí ó pàdánù ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí ó bómi lọ, àti opó tí ó fi sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Samuel Plimsoll, ẹni tí ó ń ṣojú ìlú Derby ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1873, ó sì bínú nílé ìgbìmọ̀ ní 1875 tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní ó kọjá àyè rẹ̀. Ní 1876 ni òfin jáde pé kí ọkọ̀ máa ní ilà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: òfin náà gbà kí olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò fa ilà náà sí! Ó di 1890 kí ìjọba tó gba ọwọ́ ìfàlà náà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó di 1930, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí rẹ̀. Wọ́n sì tún un ṣe ní 1966.

Ilà náà kò tilẹ̀ mọ ní ẹyọ kan. Lẹ́bàá òbìrìkìtì náà ni àwọn ilà kéékèèké mìíràn wà: ọ̀kan fún omi òkun ilẹ̀ olóoru, ọ̀kan fún ìgbà òtútù, ọ̀kan fún omi tí kò ní iyọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé omi iyọ̀ a máa gbé ohun sókè ju omi odò lọ. Ẹ̀yin tíṣà lè fi han ọmọ ní kíláàsì: ẹ gbé ẹyin sínú ife omi lásán, yóò rì, ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sínú omi náà kí ẹ rò ó pọ̀, ẹyin yóò léfòó. Nítorí náà, ẹrù kan náà tí ọkọ̀ gbé lórí òkun, bí ó bá gbé e wọ inú odò, yóò wọ omi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a ń ti ẹnu òkun wọ inú odò, ó yẹ kí a mọ èyí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọkọ̀ Titanic, tí gbogbo ayé mọ̀. Òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1912 ni ó rì. Ènìyàn bí 2,200 ni ó wà nínú rẹ̀, ó lé ní 1,500 tí ó kú. Ọkọ̀ kékeré tí a fi ń sá àsálà, 20 ni ó gbé, gbogbo wọn kò sì lè gbà ju ènìyàn 1,178 lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé Titanic kò rú òfin. Òfin ìgbà náà kò béèrè ju ọkọ̀ àsálà 16 lọ fún ọkọ̀ tí ó bá ti tóbi tó báyìí, bó ti wù kí èrò inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ọkọ̀ ti dàgbà, òfin kò dàgbà. Ní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣe òfin ààbò ẹ̀mí lójú òkun, èyí tí a ń pè ní SOLAS. Wọ́n tún un ṣe ní 1929, ní 1948 àti ní 1960. Èyí tí a ń lò lónìí ni ti 1974. Àjọ IMO, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ń tọ́jú òfin náà. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà wọ inú àjọ náà ní 1962.

Lábẹ́ òfin yìí, ọkọ̀ tí ń kó èrò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kò gbọdọ̀ lo ju oṣù 12 lọ kí a má tún un yẹ̀ wò. A ó wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń jẹrà, a ó wo ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ àsálà, ohun èlò ìpaná, àti ẹ̀rọ tí a fi ń ránṣẹ́ bí wàhálà bá dé. A ó ka iye èrò kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ọkọ̀ àjèjì bá dé èbúté, àwọn olùyẹ̀wò ibẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé kò yẹ, wọn yóò dá a dúró. Ní Àbújá ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1999.

Mo ka gbogbo èyí, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo wá dé ibi tí òfin náà ti ka àwọn ọkọ̀ tí kò kàn. Ó ní òun kò kan ọkọ̀ ogun. Òun kò kan ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tó tọ́ọ̀nù 500. Òun kò kan ọkọ̀ tí kò lo ẹ̀rọ. Òun kò kan ọkọ̀ ìpẹja. Òun kò sì kan ọkọ̀ onígi tí a kàn ní ọ̀nà àtijọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ tí ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn ni òun wà fún. Mo pa ìwé dé. Ọkọ̀ tí ó gbé àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ náà, igi ni, inú odò wa ni ó sì ń rìn. Òfin ńlá náà kò mọ̀ ọ́n rí. Ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọkọ̀ ńlá nìkan ni ó ní ààbò. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọkọ̀ Joola ti ilẹ̀ Senegal. Ọkọ̀ ìjọba ni, àwọn ológun ni ó wà ní ìkáwọ́ wọn. Láti Ziguinchor ni ó ti ń lọ sí Dakar ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Ènìyàn bí 580 ni a kàn án fún. Àwọn tí ó wọ̀ ọ́ lé ní 1,900. Ìjì dé lóru nígbà tí ó wà lẹ́bàá òkun Gambia, ọkọ̀ náà sì dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ènìyàn 64 péré ni ó yè. Àwọn tí ó kú lé ní 1,800, wọ́n ju òkú Titanic lọ. Àwọn apẹja inú ọkọ̀ onígi wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yọ ènìyàn nínú omi. Òfin wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, ẹni tí yóò sọ pé “Ó tó” ni kò sí.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan fọ́ sí méjì lórí odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Àwọn aláṣẹ ní kò yẹ kí ó gbé ju 80 lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tó bí 180. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru ní agbègbè Pategi ní ìpínlẹ̀ Kwara kó sínú ọkọ̀ kan náà. Ó lé ní 100 tí kò dé ilé. Ìyàwó dé ilé ọkọ, àwọn tí ó sìn ín kò padà.

Ìjọba kò ṣàìṣe òfin. Àjọ NIMASA, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, ni ó ń mójú tó ọkọ̀ òkun. Àjọ NIWA, tí a dá sílẹ̀ ní 1997, ni ó ń mójú tó odò wa. Ó ti ka ìrìn òru léèwọ̀, ó sì ní kí gbogbo èrò máa wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ bí odò Ìlàjẹ ti pọ̀ tó. Olùyẹ̀wò kan kò lè dúró ní gbogbo jẹ́tì. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọgbọ́n tí ó wà nínú ilà Plimsoll ni pé ìta ni ó wà, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Kì í ṣe inú ìwé tí ó wà nínú àpótí kápẹ́nì. Alágbàṣe tí kò mọ ìwé kà lè dúró ní èbúté kí ó nawọ́ sí i pé, “Omi ti bo ilà o.” Níbi tí olùyẹ̀wò kò bá sí, èrò ni olùyẹ̀wò.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ awakọ̀ náà lọ. N kò bá a jà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a fa ilà sí ara ọkọ̀ yín.” Ó dá mi lóhùn pé, “Tíṣà, ẹ mọ ìwé, ẹ kò mọ owó epo. Èrò 18 ní 1,000 náírà, 18,000 ni. Bí mo bá gbé 12, ta ni yóò san owó àyè tí ó ṣófo?” Ìbéèrè rere ni. Èmi náà fi ẹfun ṣe ìṣirò sórí pákó jẹ́tì: èrò 12 ní 1,500 náírà, 18,000 náà ni. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ mi o: 500 náírà ni ó wà láàárín àwa àti ìsàlẹ̀ odò ní ọjọ́ náà. A ń bú awakọ̀ pé olójúkòkòrò ni, ṣùgbọ́n àwa kan náà ni a ń sá lọ bá ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré, tí a kì í bi í pé kí ló mú un kéré.

Nígbà náà ni mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ìyá eléde. Ẹ̀yin ọlọ́jà, òfin kan wà lójú òkun tí ó ti pẹ́ ju ilà lọ. A gbọ́ pé àwọn ará erékùṣù Rhodes ni ó kọ́kọ́ lò ó, àwọn ará Róòmù sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn: bí a bá ju ẹrù ẹnì kan sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, gbogbo àwọn tí ohun-ìní wọn yè nítorí rẹ̀ ni yóò dá a padà fún un. Òfin náà ṣì wà títí di òní láàárín àwọn olówó ọkọ̀ àti àwọn oníṣòwò gbogbo ayé. Wọ́n fi orúkọ ìlú York àti Antwerp pè é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré wò ó. Ká ní ọkọ̀ tó 800,000 náírà, ọjà ìyá mẹ́rin sì jẹ́ 50,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Ohun tí ó bọ́ sómi jẹ́ 50,000, ìyẹn kọ́bọ̀ 5 nínú náírà kọ̀ọ̀kan. Olówó ọkọ̀ yóò mú 40,000 wá. Ìyá mẹ́ta yòókù yóò mú 2,500 wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ju ẹrù náà yóò fi 2,500 tirẹ̀ gbé e, nítorí òun náà wà nínú ọkọ̀. Yóò gba 47,500 padà. Òfin náà kò fi owó sí orí ènìyàn, nítorí ẹ̀mí kò ní iye. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kó ọmọ 11 sínú ọkọ̀, ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n fi ìyẹn sá.

A kó ara wa jọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Mo ro ẹjọ́ náà, mo sì kọ́kọ́ dá ara mi lẹ́bi. Awakọ̀ ní òfin òyìnbó nìyẹn. Bàbá àgbà kan dá a lóhùn pé, “Òyìnbó kọ́ ni ó kọ́ wa pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní in.” Àwọn ìyá mẹ́ta mú tiwọn wá. Àwọn òbí ọmọ dá owó, èmi náà fi kún un nínú owó oṣù mi. Awakọ̀ ní òun kò ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun yóò máa gbé ìyá náà àti ẹrù rẹ̀ láìgbowó fún oṣù 3. Owó náà kò pé. Síbẹ̀, ìyá eléde padà sọ́jà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kan ọkọ̀ náà wá. Ó ní kí ènìyàn 12 jókòó pẹ̀lú ẹrù wọn, ó wọn pákó tí ó yọ lórí omi, ó sì fa ilà ọ̀dà funfun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Awakọ̀ dúró, ó ń wò ó. Ó ní, “Ó dà bí ìgbà tí a kọ ilà fún ọmọ.” Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ń ná jẹ́tì náà, 3 péré ni ó ní ilà funfun títí di òní. N kò ní purọ́ fún yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ díẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ti súnmọ́ etí rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ dúró de òmíràn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tìmùtìmù: ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì so okùn rẹ̀, ti àgbà yóò bọ́ lọ́rùn ọmọdé, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí ó mọ ọmọ níwọ̀n. Ẹ wò ó bóyá ohun ìgbọ́nmi àti àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì lè kú lágbede méjì. Bí ìgbì bá dé, ẹ má ṣe dìde. Ẹni tí ó dìde ni ó ń ran ìgbì lọ́wọ́. Ẹ má ṣe rìn lóru. Ẹ̀yin tíṣà, kí ẹ tó kó ọmọ lọ síbikíbi, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sínú bébà kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá yín lọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí owó ọkọ̀ tí kò ní mú awakọ̀ kó àkójù.

Ọmọbìnrin náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ, mo sìn ín dé jẹ́tì. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí olùyẹ̀wò. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Sà, omi kò tíì kan ilà.” Àwọn èrò kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè í bi lójú omi, ó ti mọ ìdajì lúwẹ̀ẹ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí omi má ṣe gbé wa lọ.